Ọ̀gá ní a ti dá owó sí, ìṣirò earned value ní a ti ná kọjá: èwo ni kí n gbà?

Akọ̀wéSáìtì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ìnáwó ní sáìtì kan tí a ti ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá 12. Oṣù 10 ni wọ́n ní kí iṣẹ́ náà gbà, mílíọ̀nù 60 sì ni gbogbo bọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìparí oṣù karùn-ún la wà yìí. Nínú ètò tí a fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ mílíọ̀nù 30 ló yẹ kí a ti ṣe. Mílíọ̀nù 27 la ti ná, rìsíìtì gbogbo rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.

Ní ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá mi dìde, wọ́n ní kí a pàtẹ́wọ́ fún ara wa, pé a ti dá mílíọ̀nù 3 sí. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, torí àràárọ̀ ni mo máa ń rìn yí sáìtì ká. Òrùlé tó yẹ kó ti wà lórí yàrá mẹ́fà àkọ́kọ́, yàrá méjì péré ló wà. Ògiri tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́ tán, wọn ò tíì rẹ́ ẹ dé ìdajì.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kà nípa earned value, ìṣirò tó ń fi owó tí a ná wé iṣẹ́ tí a ti ṣe. Bó ṣe yé mi ni pé nọ́ńbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. PV ni iye iṣẹ́ tó yẹ kí a ti ṣe títí di òní. AC ni owó tó ti jáde. EV ni iye tí bọ́jẹ́ẹ̀tì dá lé iṣẹ́ tí a ti ṣe ní ti gidi. Fọ́mánì ní iṣẹ́ ti dé ìdá 40 nínú 100, ìyẹn mílíọ̀nù 24. Mo yọ 27 kúrò nínú 24, ó ku −3. Mo fi 27 pín 24, CPI, ìyẹn iye iṣẹ́ tí owó kọ̀ọ̀kan mú wá, jẹ́ 0.89. Mo fi 30 pín 24, SPI, ìyẹn bí iṣẹ́ ṣe ń yá sí bí ètò ṣe ní kó yá, jẹ́ 0.8.

Mílíọ̀nù 3 tí ọ̀gá ní a dá sí náà ni ìṣirò yìí ń pè ní owó tí a ná kọjá. Ṣé mo ṣe é bó ṣe yẹ? Báwo ni mo sì ṣe máa bá ọ̀gá sọ ọ́ tí kò ní dà bíi pé mo fẹ́ dójú tì wọ́n?

OníTábìlì:

Ìṣirò yín tọ̀nà. Owó tó yẹ kí ẹ ná ni ọ̀gá fi wé owó tí ẹ ná, wọn ò bèèrè ohun tí owó náà ti ṣe. Sáìtì tí kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù kan yóò dà bíi pé ó dá owó sí lójú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi 0.89 pín 60, kí ẹ má ké nọ́ńbà rẹ̀ kúrú. Mílíọ̀nù 67.5 lẹ máa rí. EAC nìyẹn, iye tí iṣẹ́ náà máa gbà bí ẹ bá ń náwó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá wọn.

ÌyáSáìtì:

Àbúrò, má tíì gbé 67.5 lọ síbì kankan. Mo bẹ̀ ọ́.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Yíyọ àti pínpín inú earned value, ọmọ iléèwé lè ṣe é. Ibi tí wàhálà wà ni ìdá 40 tí fọ́mánì sọ yẹn. Ta ló wọ̀n ọ́n? Kí ló fi wọ̀n ọ́n? Ní sáìtì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni wọ́n fi ń kọ ọ́ fún mi pé wáyà iná ti dé ìdá 90. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo gun àkàbà wo òkè àjà fúnra mi, ó dùn mí dé egungun: wọ́n ti fa páìpù wáyà káàkiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ kò tó ìdajì. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún mi. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, èmi náà ò sì lọ wò ó.

Nítorí náà, gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Èyí tí kò ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ, má fún un ní nǹkan kan títí yóò fi parí. Bó bá parí, fún un ní gbogbo iye rẹ̀. Èyí tó bá gùn díẹ̀, fún un ní ìdajì bó bá bẹ̀rẹ̀ àti ìdajì bó bá parí. Owó ọdẹ, owó iná sáìtì, owó oṣù tìrẹ alára, yà wọ́n sọ́tọ̀, torí bí ọjọ́ bá ti ń lọ ni EV tiwọn ń bá PV dọ́gba, wọ́n sì lè bo ìfàsẹ́yìn iṣẹ́ gidi mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè mi kejì: nínú mílíọ̀nù 27 yẹn, èló ni ohun èlò tó ṣì wà ní sítọ̀ọ̀? Ohun tí ẹ rà ṣáájú àkókò ti wọ AC, ṣùgbọ́n kò tíì so èso kankan nínú EV. Ó máa jẹ́ kó dà bíi pé ẹ ń náwó nínàákúnàá.

Má sì rò pé ilé iṣẹ́ kéékèèké nìkan ni èyí ń bá jà. Ọdún 1967 ni Iléeṣẹ́ Ààbò Amẹ́ríkà ti gbé ìlànà 35 kalẹ̀ fún ìṣirò yìí. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ogun A-12, nọ́ńbà inú ìwé ti ń kígbe pé owó tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ní yóò parí iṣẹ́ kò lè tó. Oṣù kìíní ọdún 1991 ni wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà.

Akọ̀wéSáìtì:

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é.

Mo kọ́kọ́ wọ sítọ̀ọ̀. Gíláàsì àti férémù fèrèsé tí ètò fi sí oṣù keje, a ti rà wọ́n ní oṣù kẹrin, mílíọ̀nù 1.8. Mo yọ ọ́, AC di 25.2. EAC bọ́ sí 63, inú mi dùn.

Lẹ́yìn náà ni èmi àti fọ́mánì rìn láti yàrá dé yàrá. Yàrá mẹ́jọ ló kọ sílẹ̀ pé rírẹ́ wọn ti dé ìdá 90. Mẹ́ta péré ló parí. Nínú àwọn yòókù, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti orí fèrèsé ṣì wà bí búlọ́ọ̀kù ṣe wà. Òun náà dákẹ́ nígbà tí a dé yàrá kẹfà. Bí mo ṣe lo òfin ìdajì-ìdajì, ìdá 40 di 35. EV di mílíọ̀nù 21, CPI 0.83, SPI 0.7, EAC sì fò sókè sí 72! Mi ò lè sùn lóru yẹn.

Elétò:

Ẹ fara balẹ̀. 72 ń sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù kìíní ni yóò máa ṣẹlẹ̀ dé òpin. Ẹ wá ìdí tí owó fi kọjá. Bó bá jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kò ní padà wá, ẹ kàn fi iṣẹ́ tó kù kún owó tí ẹ ti ná: 25.2 àti 39 (ìyẹn 60 tí a yọ 21 kúrò nínú rẹ̀), ó jẹ́ 64.2. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà láàárín méjèèjì.

Fún ọ̀gá, TCPI ni kí ẹ mú lọ, ìyẹn iye iṣẹ́ tí owó kọ̀ọ̀kan tó kù gbọ́dọ̀ mú wá kí bọ́jẹ́ẹ̀tì tó lè tó. Iṣẹ́ mílíọ̀nù 39 ló kù, owó tó kù fún un jẹ́ 34.8. Ẹ fi 34.8 pín 39, ó jẹ́ 1.12. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mú 0.83 wá lórí owó kọ̀ọ̀kan, ṣé wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í mú 1.12 wá láti ọ̀la? Ìbéèrè yẹn kò dójú ti ẹnikẹ́ni.

SPI náà nílò ìṣọ́ra. Bí iṣẹ́ bá parí, bó tilẹ̀ pẹ́ ní ọdún kan, 1 ni SPI máa já sí, torí EV yóò bá gbogbo bọ́jẹ́ẹ̀tì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí Walt Lipke, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ìṣirò yìí dáadáa, fi gbé earned schedule jáde ní 2003, tó ń fi oṣù wọn ìfàsẹ́yìn dípò owó. Ẹ wo oṣù tó yẹ kí PV jẹ́ 21 nínú ètò yín. Bó bá jẹ́ ìparí oṣù kẹrin, ẹ ti fi oṣù kan gbáko pẹ́. Èyí yé ọ̀gá ju 0.7 lọ.

Akọ̀wéSáìtì:

Oṣù kẹrin ni lóòótọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì wọn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, àwa méjì péré. Wọ́n wo ìwé náà pẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Yàrá wo?" Ni a bá jọ jáde lọ wò ó.

A ti rí ìdí rẹ̀. Nínú mílíọ̀nù 4.2 tó kọjá, 2.6 jẹ́ ti ìpìlẹ̀ apá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tí a ní láti gbẹ́ jìn sí i. Ìyẹn ti kọjá. 1.6 tó kù, owó ojúmọ́ àwọn tó ń rẹ́ ògiri ni. Nígbà tí mo yọ 2.6 kí n tó wo bí a ṣe ń náwó, tí mo fi ìyẹn ṣírò iṣẹ́ tó kù, tí mo sì fi kún 25.2 tí a ti ná, àpapọ̀ owó iṣẹ́ náà wá jẹ́ nǹkan bíi 67.2. Iye yẹn ni ọ̀gá mú lọ sí ìpàdé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀.

Láti ọjọ́ Ajé, yàrá tó bá parí la ó máa san owó rírẹ́ fún. Èmi àti fọ́mánì yóò máa jọ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan. Bí oṣù kẹfà bá parí, mo máa gbé nọ́ńbà rẹ̀ wá síbí.