Igi tí mi ò là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀fọ̀n Alààyè ni èmi àti yèyé mi ń gbé. Ẹni tó bá mọ ìlú náà mọ̀ pé àárín òkè ló wà. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, òtútù á mú àgbàlagbà dé egungun. Ìdí ààrò ni yèyé mi máa ń yáná láàárọ̀ kí wọ́n tó lè na ẹsẹ̀. Gáàsì wà nílé, àmọ́ ta ló ń yá gáàsì?

Lọ́dún tí mo padà dé láti Èkó, mi ò la igi kankan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ní ṣebí igbó ló yí wa ká. Nígbà tí òjò oṣù keje dé, mo gé igi kòkó kan tó ti gbó, mo là á, mo sì kì í sínú ààrò lọ́jọ́ kejì. Omi ń hó ṣùù lẹ́nu igi, ìfófòó ń yọ, èéfín kún ilé ìdáná débi pé a ò rí ara wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni yèyé mi fi wúkọ́.

Ni mo bá ra èédú. Mo gbé àdògán wọ yàrá wọn, mo ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé nítorí òtútù. Èédú kò kúkú rú èéfín. Mi ò mọ̀ pé bó bá ń jó nínú yàrá títì, ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tó lè pa èèyàn sójú oorun. Nígbà tí mo lọ wò wọ́n lóru, orí ń fọ́ wọn, èébì ń gbé wọn, ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara. Mo gbé wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ara wọn tó padà bọ̀ sípò. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé èédú wọ yàrá tí èèyàn ń sùn.

Láti ìgbà náà, bí oṣù kọkànlá bá ti dé, mo ti pọ́n àáké. Ayìn ni mo fẹ́ràn jù: ó le bí irin, ṣùgbọ́n ẹyin iná rẹ̀ kì í tètè kú. Àràbà àti ahùn, mi ò ní rù wọ́n wálé. Mo máa ń la igi nígbà tó ṣì tútù, torí èèpo ló ń sé omi mọ́ ọn nínú. Orí òkúta ni mo ń tò ó sí kí ikán má bàa tètè dé ibẹ̀, páànù lórí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní gbangba kí ọyẹ́ lè fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá.

Tó bá fi máa di oṣù kẹta, ẹnu igi á ti sán. Yèyé mi ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á mú ẹ̀là méjì, wọ́n á gbá wọn mọ́ra. Tó bá dún kó, ó di àjà orí ààrò. Tó bá dún pù, wọ́n á dá a padà fún mi láìsọ nǹkan kan.

*

Èsì òǹkàwé kan: Ẹ kú ìtọ́jú yèyé o. Ní Ìkéré níbí, ara ògiri ni mo to tèmi sí. Mo rán ọmọ mi pé kó mú igi wá lálẹ́, àkeekèé ta á lọ́wọ́. Mo ti gbé gbogbo rẹ̀ jìnnà sílé báyìí. Ọ̀pá la fi ń kọ́kọ́ lù ú, ojúmọmọ la sì ń kó èyí tá a máa lò lálẹ́.