Lẹbẹ ni mo fara mọ́ o

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ìbéèrè tí arákùnrin wa tó ń gbé lẹ́bàá odò Medway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé wá ti fẹ́ di ìjà. Ó fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun kékeré tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì á máa fi gbafẹ́ lójú omi ní Sátidé, kí wọ́n lọ láàárọ̀, kí wọ́n sì bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ń ṣàlàyé ọkọ̀ tó wù ú fún bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ló bá rí i pé òun kò mọ ohun tí òun lè pe keel ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni òun kò mọ ti centreboard, ìyẹn oríṣi méjì ohun pẹlẹbẹ tó máa ń yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ onígbòkun. Bàbá wa láti Ìbàdàn ní ká pe méjèèjì ní “ìdí ọkọ̀”. Ọmọ ìyá wa láti Àjàṣẹ́ ní “egungun ẹ̀yìn ọkọ̀”. Ẹnìkan sì dá “amúkọ̀dúróṣinṣin” sílẹ̀. Ẹlòmíì ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, pé Yorùbá kì í ta ìgbòkun.

Ti ẹni ìkẹyìn yìí ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tó bá tún ń gba Third Mainland Bridge kọjá, kó bojú wo ọ̀sà. Á rí ọkọ̀ àwọn tó ń wa yanrìn, tí ìgbòkun wọn jẹ́ alábùlẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé wọn lọ pẹ̀lú ẹrù. Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ìgbòkun, náà wà ní Èkó láti ọdún 1932. Bíbélì Yorùbá tí wọ́n parí ní 1884 kò sì ṣaláì ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan wọ̀nyí: ìgbòkun wà níbẹ̀, ìdákọ̀ró wà níbẹ̀, ìtọ́kọ̀, ohun tí a fi ń darí ọkọ̀, wà nínú ìwé Jákọ́bù. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣófo rárá.

Bàbá Ìbàdàn, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n Bíbélì yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè gba “ìdí ọkọ̀”. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, ìdí ọkọ̀ ni apá ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ti ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sínú omi. Apá iwájú sì ń jẹ́ iwájú ọkọ̀. Tí a bá tún wá fi ìdí ọkọ̀ pe ohun tó wà nísàlẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé “lọ jókòó sí ìdí ọkọ̀” á wulẹ̀ máa wojú ẹni tó rán an ni. “Egungun ẹ̀yìn” dáa fún ọkọ̀ ńlá onípákó ayé àtijọ́, tí igi gbọọrọ kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí wọ́n wá kan ìhà mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí arákùnrin wa ń wò kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tí nǹkan méjèèjì ń ṣe ló yẹ ká wò. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀gbẹ́ lu ìgbòkun, ṣe ni ó fẹ́ gbá ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun pẹlẹbẹ tó yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ni kì í gbà fún un. Omi dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò wá sí ibòmíì tí ọkọ̀ lè lọ ju iwájú lọ. Iṣẹ́ tí ẹja ń fi lẹbẹ ṣe nìyẹn, òun ni mo ṣe ní ká pè é ní lẹbẹ. Gbogbo ẹni tó bá ti ra ẹja lọ́jà rí ló mọ ọ̀rọ̀ náà.

Orí lẹbẹ yìí ni ọ̀nà ti wá pín sí méjì. Keel kì í kúrò lójú kan, òjé tàbí irin ló sì mú kó wúwo. Bí afẹ́fẹ́ bá tẹ ọkọ̀, ìwúwo yẹn á fà á dìde. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní lẹbẹ olójé. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní tí ó bá jẹ́ irin ńkọ́. Ẹ pè é ní lẹbẹ onírin, kò sí ìjà.) Centreboard ní tirẹ̀ kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Inú ihò tóóró láàárín ọkọ̀ ló ń gbà wọlé, a lè fà á sókè, a sì lè tì í sísàlẹ̀. Lẹbẹ àgbésókè nìyẹn. Nínú ọkọ̀ tó ní irú èyí, ara àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń dípò òjé: bó bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, ẹ óò sún sí òsì kíákíá, títí kan ìyá àwọn ọmọ.

Ẹ wá wo ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ náwó. Omi Medway máa ń fà, bó bá sì fà tán, ẹrẹ̀ lásán ló kù ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọkọ̀ tó ní lẹbẹ olójé, bó bá fara kan ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó di ìgbà tí omi bá tún kún. Ẹ wo Wayfarer, ọkọ̀ onígbòkun oní-lẹbẹ àgbésókè tí Ian Proctor yà ní 1957, tó gùn tó mítà 4.82, lẹbẹ rẹ̀ wọlé ju mítà kan lọ bí wọ́n bá tì í sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sókè, omi tó jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ti tó o. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin á jókòó nínú rẹ̀ láìfún ara wọn pọ̀. Mirror, ọkọ̀ mìíràn tí arákùnrin wa ń wò, kéré fún wọn. Ọkọ̀ tó níyì ni, Jack Holt àti Barry Bucknell ló yà á ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wáyà bàbà ni wọ́n fi ń rán pákó rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá lè lo ayùn sì lè kàn án nílé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mítà 3.3 péré ni. Bàbá kan àti ọmọ méjì, ó parí.

Mo tún fẹ́ kí á ya “dojú dé” àti “rì” sọ́tọ̀, torí ìròyìn rédíò ti ń pa wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ tó rì ti lọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ tó dojú dé lè máa léfòó síbẹ̀, pàápàá irú Wayfarer tí wọ́n ṣe ààyè afẹ́fẹ́ sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ ṣáà ti wọ ẹ̀wù amúniléfòó, ẹ óò gun orí lẹbẹ, ẹ óò fi ara fà á, á sì dìde. Tí lẹbẹ bá ti yọ̀ padà sínú ihò rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa dúró lé. Ní 1964, nígbà tí Frank Dye, atukọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, fi Wayfarer lọ sí Norway, ìjì dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òpó ìgbòkun rẹ̀ ṣẹ́, ó sì débẹ̀.

“Amúkọ̀dúróṣinṣin” ní tirẹ̀ kò wọ̀ mí létí. Ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀, àṣẹ ni. Ariwo ni wọ́n ń fi í pa nínú afẹ́fẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ ló sì máa gbọ́ ọ. “Gbé lẹbẹ!” ti tó. Kí ẹ tó pe èkejì yẹn tán, ẹ ti wà nínú omi.

Fún reef, ìyẹn dídín ìgbòkun kù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le, mo dábàá “ṣẹ́ ìgbòkun”. Àwọn aránṣọ ti ń ṣẹ́ etí aṣọ tipẹ́. Ká fi “ká ìgbòkun” sílẹ̀ fún ìgbà tí a bá ká gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Tiller, ọ̀pá tí a ń dì mú láti yí ìtọ́kọ̀, náà kò le: ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ni.

Boom ló kù, ọ̀pá tó na ẹsẹ̀ ìgbòkun, tó sì máa ń fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní gíga orí ọmọdé. “Ọ̀pá ìdábùú” ni mo rí, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ àwọn tó ń ta ìgbòkun ní Makoko, kó bá wa béèrè ohun tí wọ́n ń pe èyí tiwọn. Ì báà jẹ́ Ìlàjẹ, ì báà jẹ́ Ẹ̀gùn, ẹ kọ ọ́ síbí, màá gbà á.