Ta ló sọ iyè di ìyè?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àbá ọ̀gá wa láti Ìbàdàn pé "àjò-ìyè" ni ká máa fi Yorùbá pe hippocampus, ẹ̀yà ọpọlọ tó ń bá wa rántí nǹkan. Ẹ má bínú sà, etí mi kọ̀ ọ́. Iyè la fi ń rántí nǹkan, òun náà ló ń rá bí àgbà bá dé. Ìyè tí ẹ kọ yẹn, ti "ìyè àìnípẹ̀kun" ni. Ẹ sọ fún ìyá àgbà kan ní Adó pé àjò-ìyè bàbá kan ti bàjẹ́, kẹ́ ẹ wò ó bí kò bá ní dáhùn pé "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Ti "àjò" tún wá burú jù. Ẹ ní nítorí pé travel (ìrìn àjò) bá travail (làálàá) tan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìdí rẹ̀ sì dé trepalium Látìn, igi mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá ènìyàn lóró, àjò tiwa náà gbọ́dọ̀ ti ara "jó" wá, bí iná ti ń jó ni. Láti ìgbà wo ni ohùn òkè ti ń ṣàdédé bọ́ sílẹ̀? Ìyà àwọn Látìn kì í ṣe tiwa. Bó ti wù kí àjò dùn tó, onílé á relé: àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ gbà pé àjò lè dùn.

Iṣẹ́ ẹ̀yà náà gan-an ńkọ́? Ní 1971, John O'Keefe rí i nínú ọpọlọ eku pé sẹ́ẹ̀lì kan á ta jí bí eku bá dé ibì kan pàtó, á dákẹ́ bó bá kúrò níbẹ̀. Ara ohun tó fi gba Nobel ní 2014 nìyẹn. Eku tí kò jáde nínú yàrá, àjò wo ló lọ? Ibi tó dé ló ń dá mọ̀. Bàbá bàbá mi tó máa ń fẹsẹ̀ rìn wọ Ìkẹ́rẹ́, bó bá ti rí òkè Olósùnta, yóò ní a ti dé. Nítorí náà, "amọ̀nà-iyè" lèmi fara mọ́.

Ẹni tó ní "àpò ìrántí" ni ká pè é, ẹ rántí Henry Molaison, ará Amẹ́ríkà kan. Wọ́n gé púpọ̀ nínú hippocampus rẹ̀, ti ọ̀tún àti tòsì, ní 1953 nítorí wárápá. Ọ̀rọ̀ tuntun kò dúró lórí rẹ̀ mọ́, àmọ́ ó ṣì ń rántí ìgbà èwe rẹ̀. Àpò wo la gé sọnù tí ẹrù inú rẹ̀ ṣì kù sílé?

Ẹni tó sì kọ ọ́ pé ará Èkìtì tó ń pe ilé ní "ulé" kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí àmì ohùn, ohùn ilé àti ulé kò yàtọ̀, fáwẹ̀lì ló yí. Mò ń retí èsì yín lórí ìyẹn ná.