Bébà orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi ti kú ní North Carolina, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Ní Charlotte ni mo wà, irun ni mò ń dì láti 2013, èmi nìkan ni, mi ò ní LLC, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí ọ̀tọ̀ sí ẹni tó ni ín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mo lọ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Register of Deeds, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ní káńtì (county) wa, Mecklenburg, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, bébà náà ṣì wà nínú lọ́rà tí mo fi dì í, ó kàn ti pọ́n létí ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ìyàwó kan tí mo bá dirun fáwọn ọmọge mẹ́fà kọ ṣẹ́ẹ̀kì sí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e lọ báńkì tí mo fẹ́ ṣí àkáǹtì tuntun sí, ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó ń wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi nínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀, ó wá yí ojú ẹ̀ sí mi pé kí n wò ó. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ó ní tèmi ti kú láti Dìsẹ́ńbà 2022, orúkọ yẹn tó wà níbẹ̀, ẹnì kan ní Raleigh ló ni ín. Àyà mi já. Ṣé wọ́n ti gba orúkọ mi ni? Ṣé kí n lọ ṣe LLC? Àbúrò mi ní Houston, ní Texas, ní àwọn kì í lọ káńtì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọdún mélòó ni mo ti fi lò ó.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o àǹtí mi, ó ṣe èmi náà. Òfin ló yí padà. 1 Dìsẹ́ńbà 2017 ni tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn bébà tó ti wà ṣáájú, ọdún márùn-ún ni wọ́n fún un, ó sì pé ní 1 Dìsẹ́ńbà 2022. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí èmi, ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹ padà sí Register of Deeds yẹn náà, ẹ gba fọ́ọ̀mù Assumed Business Name (orúkọ òwò tó yàtọ̀ sí orúkọ ara ẹni), dọ́là 26 ni. Ẹ kọ gbogbo káńtì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ sí i, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa kárí, kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ tí ẹ máa ń lọ káńtì kọ̀ọ̀kan. Tuntun yìí kì í kú fúnra ẹ̀, àmọ́ tí nǹkan bá yí lórí ohun tí ẹ kọ sí i, láàárín ọjọ́ 60 ni kí ẹ lọ tún un ṣe.

Ará Texas: Àbúrò yín ò purọ́, ó ní láti jẹ́ pé LLC ló ní. Láti 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 2019, LLC àti kọ́ńpìnnì ò lọ káńtì mọ́ níbí, ọ̀dọ̀ Secretary of State, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀, ni. Ẹni tó ń dá ṣòwò ṣì ń lọ ọ̀dọ̀ county clerk, akọ̀wé káńtì. Virginia tún tiẹ̀ yàtọ̀, kọ́ọ̀tù ni wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀, láti Jánúárì 2020 ó ti di State Corporation Commission, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́. Ẹ má fi ti ìpínlẹ̀ kan ṣe tòmíì o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Durham: Ẹni Raleigh yẹn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Bébà yìí ò sọ orúkọ di tẹnikẹ́ni, torí káráyé lè mọ ẹni tó wà nídìí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀, ẹni méjì lè fi irú kan náà sílẹ̀. Ẹni tó ti ń lò ó níbi tó ti ń ṣòwò, tó sì lè fi hàn, ló lẹ́nu ọ̀rọ̀, torí náà ẹ má sọ bébà pípọ́n yẹn nù rárá, òun àti rìsíìtì àti fọ́tò pátákó yín ni ẹ̀rí pé ẹ ti wà níbẹ̀ láti 2013. Tí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ jẹ́ tiyín pátápátá, trademark ni, ìyẹn fífi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò yín. LLC ò ní yanjú ti báńkì yìí, dọ́là 125 lẹ máa fi dá a sílẹ̀, ẹ ó tún máa san 200 lọ́dọọdún, tí LLC yẹn bá tún ń lo orúkọ míì, fọ́ọ̀mù yìí náà ló máa kọ.

Olùbéèrè: Ọlọ́run á bùkún yín o. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ yìí, Mecklenburg, Union àti Cabarrus ni mo kọ sí i torí mo máa ń lọ dirun nílé àwọn ìyàwó níbẹ̀. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ tuntun. Mo ti fi méjèèjì sínú lọ́rà kan náà, ọ̀la ni mo ń padà sí báńkì.