Ẹ gbà mí o: ọ̀nà tí mo fi ń wá pọlinómíà Sobolev kò bá a mu mọ́ ní dìgírì 4

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò. Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà, iná ti lọ, bébà àti bírò ni mo fi ń ṣe é. Gààrí Ìjẹ̀bú tí mo bomi sí ti wú tán.

Àwọn pọlinómíà tó jẹ́ orthogonal sí ara wọn lọ́nà Sobolev ni mo ń wá: láti −1 dé 1, ∫fg ni mo ń ro pọ̀ mọ́ ∫f′g′ (f′ ni derivative f), àròpọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 fún èyíkéyìí méjì nínú wọn. Mo rí 1, x, x² − 1/3, x³ − 0.9x (ti Legendre, tó ń lo ∫fg nìkan, 0.6x ni). Títí dé ibẹ̀, méjì tó ṣáájú ń bí èyí tó kàn: mo sọ èyí tó gbẹ̀yìn di púpọ̀ pẹ̀lú x, mo sì yọ ìlọ́po èyí tó ṣáájú rẹ̀ kúrò. Àmọ́ dìgírì 4 jẹ́ x⁴ − (33/28)x² + 27/140, ọ̀nà yẹn sì fi 1/10 gbáko dín nínú nọ́ńbà tí kò ní x. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe!

Mo mọ̀ pé ∫f′g′ ló ba ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú x jẹ́. Ṣé ọ̀nà kúkúrú mìíràn wà, àbí kí n máa yọ gbogbo àwọn tó ṣáájú lọ́kọ̀ọ̀kan dé dìgírì 30?