Sódíọ̀mù kò fara mọ́ sẹ̀rámíìkì NASICON dáadáa: kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí bátìrì tí elekitiroláìtì rẹ̀ (ohun tí sódíọ̀mù ń gbà kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì) le bí òkúta. Àwo sẹ̀rámíìkì Na₃Zr₂Si₂PO₁₂, tí í ṣe oríṣi NASICON, ni mo fi ṣe elekitiroláìtì, mo sì tẹ sódíọ̀mù mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí n lè dán an wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìdíwọ́ tí iná ń bá pàdé ní ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti fara kanra ti ga ju ti sẹ̀rámíìkì fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ń fi iná 0.1 mA lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan lọ síwá-sẹ́yìn, fọ́ltéèjì rọra ń gòkè, kí ó tó já wálẹ̀ lójijì tí ó sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ṣé ojú náà ti ń sàn nìyẹn? Mo sì tún ń rò ó bóyá kí n fi tin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo sẹ̀rámíìkì náà, tàbí kí n kúkú lo Na₃PS₄, elekitiroláìtì oní-sọ́fúrù, dípò rẹ̀.

Ìdáhùn kìn-ín-ní

Ẹ má tíì yọ̀. Bí ojú náà bá ń sàn ni, díẹ̀díẹ̀ ni fọ́ltéèjì yóò máa lọ sílẹ̀. Èyí tó já lójijì sábà máa ń jẹ́ àmì pé fọ́nrán sódíọ̀mù ti gba inú sẹ̀rámíìkì kọjá, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sì ti rí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé gbà. Ẹ tún impedance rẹ̀ (ìdíwọ́ tí iná alọ-àbọ̀ ń bá pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì) wọ̀n: bí ìdíwọ́ tó jẹ́ ti sẹ̀rámíìkì bá ti dín kù gidigidi tàbí tó ti pòórá, iná ti gba ọ̀nà àbùjá (shọ́ọ̀tì) nínú sẹ́ẹ̀lì yín. Nígbà míì fọ́nrán náà a máa já, a sì tún so padà, ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nìyẹn.

Gígòkè tí ẹ rí ṣáájú ni orísun ọ̀ràn náà. Bí sódíọ̀mù ṣe ń kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan, àyè òfìfo ni ó ń fi sílẹ̀, bí iná bá sì ń fà á lọ kíákíá ju bí èyí tó kù ṣe lè ṣàn wá dí àyè náà lọ, àwọn àyè wọ̀nyí á para pọ̀ di ihò. Ìwọ̀nba ibi tó ṣì fara kanra ni gbogbo iná yóò wá rọ́ lù, níbẹ̀ gan-an sì ni fọ́nrán ti máa ń hù nígbà tí sódíọ̀mù bá ń padà bọ̀. Sódíọ̀mù rọ̀ púpọ̀, nǹkan bí 98 °C ló sì ti ń yọ́, nítorí náà títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ máa ń mú kí ó ṣàn dí ihò. Ṣùgbọ́n bí títẹ̀ náà bá pọ̀ jù, inú ẹ̀là sẹ̀rámíìkì ni yóò wọ̀. Ẹ wọn ìdíwọ́ ojú náà bí ẹ ṣe ń fi kún títẹ̀. Bí ó bá ń dín kù, ìfarakanra ni ìṣòro yín. Bí ó bá ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ láìsí pé iná ń kọjá, ẹ fura sí ìdàpọ̀ kẹ́míkà.

Ìdáhùn kejì

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé afẹ́fẹ́ gbangba ni àwo yín wà kí ẹ tó lò ó? Omi àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ máa ń fa sódíọ̀mù jáde lára NASICON, wọn a sì fi èèpo kábọ́nétì bò ó, bẹ́ẹ̀ ni sódíọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ irú èèpo bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ họ ojú rẹ̀, ẹ yan án nínú gáàsì argon, ẹ má sì gbé e jáde mọ́ títí ẹ ó fi tẹ sódíọ̀mù mọ́ ọn. Kíkun tin lé èèpo yẹn lórí kò yàtọ̀ sí fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìdáhùn kẹta

Mo fara mọ́ ọn. Tin wúlò lóòótọ́, nítorí pé ó máa ń dà pọ̀ mọ́ sódíọ̀mù, ó sì ń fà á mọ́ra káàkiri ojú náà, ṣùgbọ́n kò ní kí ihò má yọ bí ẹ bá ti fi iná tó pọ̀ jù fa sódíọ̀mù. Ní ti Na₃PS₄, ó rọ̀ tó láti fi títẹ̀ lásán mú un fara kanra, àmọ́ sódíọ̀mù máa ń sọ ọ́ di Na₂S àti Na₃P. Ohun tó ń pinnu irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni bóyá àwọn ohun tó ti ibẹ̀ jáde ń jẹ́ kí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kọjá: bí wọn kò bá jẹ́ kí ó kọjá, ìdàpọ̀ náà á dá ara rẹ̀ dúró, bí wọ́n bá jẹ́ kí ó kọjá, yóò máa jẹ elekitiroláìtì náà lọ ni. Ti Na₃SbS₄, ìbátan rẹ̀ tí áńtímónì (Sb) rọ́pò fọ́sífọ́rọ̀sì (P) nínú rẹ̀, tilẹ̀ burú jù ní ti èyí. Èmi kò ní fi NASICON sílẹ̀ nítorí Na₃PS₄.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo tún impedance náà wọ̀n, ìdíwọ́ sẹ̀rámíìkì ti lọ pátápátá, nítorí náà shọ́ọ̀tì ni mo ń pè ní ìwòsàn. Òótọ́ sì ni pé orí tábìlì ni àwo náà wà fún ọjọ́ mélòó kan. Màá họ àwo mẹ́fà, màá yan wọ́n nínú argon, màá fi tin sí mẹ́ta péré, títẹ̀ kan náà ni màá sì lò fún gbogbo wọn.