Màmá fẹ́ lọ wo àgbà olórin ní Las Vegas: ta ló ti débẹ̀ rí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi dé láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ tó kọjá, oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa lò lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á pé àádọ́rin ọdún kí wọ́n tó padà sílé. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fún ọjọ́ ìbí, mo rò pé wọ́n á ní góòlù tàbí léèsì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ọ̀kan nínú àwọn olórin òyìnbó tí àwọn ń gbọ́ ní rédíò nígbà tí àwọn ṣì jẹ́ tíṣà, àwọn tí wọ́n ń kọrin nínú ilé tẹ́tẹ́ ní Las Vegas. Èmi ò débẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, báwo lẹ ṣe ṣe é tí owó ò fi lọ lásán? Orúnkún ọ̀tún ń dùn wọ́n o, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyá Ìbejì, Houston

Àbúrò mi, o bá mi nílé. Mo gbé màmá tèmi lọ ní oṣù karùn-ún 2019. Celine Dion, olórin obìnrin, la lọ wò, ní gbọ̀ngán Colosseum tó wà nínú ilé tẹ́tẹ́ Caesars Palace. Díẹ̀ ló kù ká pẹ́ jù, torí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún yẹn ló parí iṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀.

Kí n tó sọ ti owó, ohun kan wà tó yé mi nígbà tí mo débẹ̀. Nílé, olórin ló máa ń wá bá ẹni tó ń ṣe ìnáwó. O fẹ́ sìnkú bàbá ẹ, o pe Sunny Adé tàbí Ebenezer Obey, wọ́n kó ìlù àti gìtá wá sí àdúgbò yín, wọ́n ki bàbá ẹ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní Vegas, ìwọ lo máa lọ bá olórin nílé ẹ̀. Tìtorí Celine ni wọ́n ṣe kọ́ gbọ̀ngán Colosseum yẹn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 95 dọ́là ni wọ́n ná sí i, ìjókòó ibẹ̀ sì lé ní 4,000. Oṣù kẹta 2003 ló bẹ̀rẹ̀, ó ṣe é títí di ìparí 2007, ó sinmi, ó tún padà wá ní 2011. Tí o bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó kọrin níbẹ̀ ju ìgbà 1,100 lọ. Ẹni tí kì í kó ẹrù láti ìlú dé ìlú lè to nǹkan tí ọkọ̀ akẹ́rù ò lè gbé sórí ìtàgé. Ẹgbẹ́ onífayolín àti onífèrè jókòó lọ bí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, àwòrán ń yí lẹ́yìn wọn lára ògiri iná tó gbòòrò dé ibi tí ojú ò ká mọ́. Aṣálẹ̀ ni ìlú yẹn, atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ, ó ń ba ohùn jẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń tu ọ̀rinrin sí orí ìtàgé kí ọ̀fun ẹ̀ má bàa gbẹ. Ọ̀fun ènìyàn kan ṣoṣo o!

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹ pé ìjókòó ni kó o náwó lé, má náwó lé yàrá. Oorun lásán lẹ máa sùn nínú yàrá. Gbọ̀ngán yẹn gbòòrò ju bó ṣe gùn lọ, ó rí bí ìlàjì òṣùpá. Àárín ni kó o wá, kódà kó jẹ́ òkè. Ẹni tó bá jókòó sí etí pátápátá níwájú á máa wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ olórin títí wọ́n á fi tú ká. Àwa jókòó sí iwájú ní àjà kejì, láàárín gan-an, a rí gbogbo ẹ̀.

Má sì pẹ́. Màmá ní ká rọra jẹun ká tó lọ, pé kò sí olórin tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago tí wọ́n kọ sórí ìwé ìpè. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n kọ. Ìgbà tí a fi máa dé ìjókòó wa, a ti pàdánù orin kan.

Ọmọ Èkìtì, Toronto

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé pé tiwa ní Kánádà ni Celine. Ìlú Charlemagne ní Quebec ni wọ́n ti bí i. Àbíkẹ́yìn ọmọ mẹ́rìnlá ni.

Ìyá Ìbejì, Houston

Mẹ́rìnlá! Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá, wọ́n ní kò yà wọ́n lẹ́nu, pé ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbóhùn òun láàárín ọmọ mẹ́tàlá tó kù gbọ́dọ̀ mọ igbe ké.

Nǹkan tó mú wọn jù ni ti ọkọ Celine. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní 2016 ni René Angélil kú, òun ló sì ń tọ́jú iṣẹ́ ẹ̀ láti kékeré. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì ló padà sórí ìtàgé yẹn. Màmá fi ọwọ́ kà á nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ní, “Ó ṣe ogójì ọjọ́ ọkọ ẹ̀ pé.” Opó ni màmá náà. Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi balẹ̀.

Awakọ̀ Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Las Vegas

Mo ń ṣiṣẹ́ takisí níbí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà olórin kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọrin. Wọ́n lè ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, kí wọ́n lọ fún oṣù mélòó kan. Láti ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́bọ̀ ni yàrá máa ń dínwó. Ẹ sá fún oṣù kìíní nígbà tí àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ìgbàlódé bá dé fún ìpàtẹ tí wọ́n ń pè ní CES, ẹ sá fún oṣù kọkànlá nígbà tí ọkọ̀ ìdíje Formula 1 bá ń sáré láàárín ìgboro. Owó yàrá máa ń fò sókè nígbà náà.

Owó kan wà tí wọ́n ń pè ní resort fee. Yàtọ̀ sí owó yàrá ni, ó lè tó $50 lálẹ́ kan ní àwọn ilé ńlá. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń yọ ọ́ sí èèyàn. Láti oṣù karùn-ún 2025, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n fi àpapọ̀ owó han èèyàn látìbẹ̀rẹ̀, ti yàrá àti ti tíkẹ́ẹ̀tì orin. Torí náà, iye tí ẹ rí gbẹ̀yìn ni kí ẹ fi wé ti ibòmíràn.

Ti orúnkún màmá: má jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ojú títì tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tò sí. Hòtẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìkejì máa ń dà bí ẹni pé ó wà nítòsí nítorí pé ó tóbi, àfi ìgbà tí ẹ bá rìn tó ogún ìṣẹ́jú. Inú hòtẹ́ẹ̀lì gan-an, láti ẹnu ọ̀nà dé gbọ̀ngán orin, ìrìn ni, àárín ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ lẹ ó sì gbà kọjá. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wá èyí tó wà fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Òfin gbà kí ẹni mẹ́ta jókòó ti ẹni náà, tí ààyè bá wà. Láti pápákọ̀ òfuurufú sí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ojú títì ńlá, iye kan pàtó ni takisí ń gbà ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹnikẹ́ni má fi yín yí ìlú po.

Ọmọ Èkìtì, Toronto

Ẹ tún gba yàrá tí wọ́n lè dá owó ẹ̀ padà. Ní oṣù kìíní 2022, ó ku ọ̀la tí olórin Adele máa bẹ̀rẹ̀ ní Colosseum yẹn kan náà, ló bọ́ sórí fóònù pé kò ní ṣeé ṣe. Àwọn èèyàn ti wà nínú ìlú. Oṣù kọkànlá ló tó bẹ̀rẹ̀. Celine náà, ibòmíràn ló yẹ kó ti kọrin ní oṣù kọkànlá 2021, àìsàn ò jẹ́. Àgbà olórin ni wọ́n, ara kì í ṣe irin.

Ibi tí èmi ti jìn sí kòtò ni tíkẹ́ẹ̀tì. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ èyí tó kọ́kọ́ jáde, mi ò mọ̀ pé alágbàtà ni. Ìlọ́po méjì owó ẹ̀ ni mo san. Orúkọ gbọ̀ngán ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ gba ibẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Àbẹ̀kẹ́, London

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ń gbádùn o. Àwa tí ìwé ìrìnnà wa ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà, a ní láti gba físà kí a tó lè lọ wo orin! Mo gbé màmá ọkọ mi lọ wo ABBA Voyage, eré orin ẹgbẹ́ olórin ABBA, níbí, nítòsí ibùdó rélùwéè Pudding Mill Lane. Kò sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀, àwọn olórin gan-an ò sí níbẹ̀, àwòrán wọn nígbà èwe ló ń jó. Màmá bi mí léèmejì pé ṣé wọ́n ti kú ni. Mo ní wọ́n wà láàyè. Wọ́n ní, “Kí ló dé tí wọn ò wá?” Mi ò rí ìdáhùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá Ìbejì, aṣọ ńkọ́? Màmá ti yọ sányán síta.

Ìyá Ìbejì, Houston

Haa! Ibi tí mo fẹ́ dé gan-an nìyẹn. Kí wọ́n wọ sányán, ṣùgbọ́n gèlè ńlá, rárá. Màmá tèmi wé gèlè tó ga bí òrùlé. Nígbà tó kan orin fíìmù ọkọ̀ òkun tó rì, èyí tí gbogbo Nàìjíríà fi ṣe orin ìgbéyàwó ní nǹkan bí 1998, òyìnbó arúgbó kan tó wà lẹ́yìn wa fọwọ́ kàn mí léjìká jẹ́jẹ́, ó ní gèlè yẹn dára púpọ̀, ṣé òun lè rí olórin díẹ̀? Màmá tú u, wọ́n fi lé itan, wọ́n sì fi etí ẹ̀ nu omijé.

Báàgì kékeré ni kí ẹ mú, ìwé ìrìnnà màmá náà kí ó wà lọ́wọ́. Tí ẹ bá ń mú ọmọdé lọ, ẹ ka òfin ọjọ́ orí. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 lè gba àárín tẹ́tẹ́ kọjá, kò gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni fíríìjì. Hòtẹ́ẹ̀lì tí a sùn sí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kì í ṣe ibi tí a ti wo orin. Màmá gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dání láti Houston. Wọ́n kó gbogbo ọtí inú fíríìjì jáde kí ọbẹ̀ lè ráyè, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì dáadáa, a ò ṣí ọ̀kankan. Àṣé ẹ̀rọ wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń ka ohun tí wọ́n bá gbé. Ìgbà tí a fẹ́ kúrò, owó ọtí wà nínú ìwé wa bí ẹni pé àwa méjèèjì mutí yó. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn àlàyé, àmọ́ ojú tì mí. Béèrè fíríìjì òfìfo lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gun òkè.

Awakọ̀ Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Las Vegas

Òtítọ́ ni. Tí màmá bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ dánra wò, kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kì í gbé Amẹ́ríkà, tó bá jẹ owó ńlá lórí ẹ̀rọ, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń yọ fún owó orí. Mi ò tíì gbé ẹnikẹ́ni tí èyí ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tí wọ́n fi gbogbo owó wọn sílẹ̀ ni mò ń gbé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta

Mo ka gbogbo ẹ̀ sí màmá létí. Wọ́n ní kí n kí yín, gèlè á dúró sílé, fìlà ni wọ́n máa dé. Wọ́n wá ní kí n bi Ìyá Ìbejì: ṣé èèyàn lè náwó fún olórin yẹn níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Houston

Màmá tèmi náà béèrè! Àádọ́ta dọ́là, tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ owó bébà dọ́là kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n dì sínú báàgì, wọ́n fẹ́ lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ Celine níwájú orí. Mo ní ẹ̀ṣọ́ á gbé wa síta. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń tún yàrá ṣe wọlé, màmá gbé orin alẹ́ àná sẹ́nu, wọ́n ń jó, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí níkọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà kọ́kọ́ sá, nígbà tó yá ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó dara pọ̀.

Báǹkì ìtòsí ẹ ni kó o ti ṣẹ́ owó náà sí wẹ́wẹ́ o. Má dúró de ẹ̀rọ owó inú ilé tẹ́tẹ́, owó tí ìyẹn ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ti pọ̀ jù.